Orúkọ Tí Ṣèyí Yá

"Ṣèyí, you don old o!" Kóòṣì Raphael gbá bọ́ọ̀lù mú. "Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni àwọn ará Pọ́túgàl ń wá. Ìwọ ti di mẹ́tàlélógún."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣèyí wọ akínyẹmí ara. Lọ́dún 1988 yẹn, ta ló mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó o ní gbogbo Ajégúnlẹ̀? Gíga rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn alájọgbélé a máa pè é wá pààrọ̀ gílóòbù láìgun àga.

Nígbà tó délé, ó ní kí Ọlámidé, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, yá òun ní ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ máa wá di Ọlámidé ni?"

"Fúngbà díẹ̀ ni. Tí mo bá rí ṣe, gbogbo wa la rí ṣe."

Ọlámidé rẹ́rìn-ín, ó fún un. Ìwé yẹn ni Ṣèyí fi gba ìwé ìrìnnà.

Ní Pọ́túgàl, èrò ìwòran ń kígbe "Ọlámidé!", orí Ṣèyí sì ń wú. Lọ́dún kejì ni lẹ́tà dé. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan fẹ́ rán àbúrò rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ atukọ̀ ní Jámánì, ṣùgbọ́n níbi tó ti lọ gba ìwé ìrìnnà, wọ́n ní ẹni tó ni orúkọ yẹn ti gbà á, wọ́n sì pè é ní gbájúẹ̀.

"Bọ̀dá mi, mi ò tíì sọ nǹkan kan, kí wọ́n má baà dá yín padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta péré ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà fún mi."

Ṣèyí kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́wọ́, bọ́ọ̀lù tán nìyẹn. Ó kọ̀wé padà pé: "Ṣe sùúrù fún mi lọ́dún kan."

Ọdún kan di mẹ́fà. Ìgbà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a dúró, ló tó wálé. Ó wá Ọlámidé lọ sí Wharf Road, ó sì bá a níbi tó ti ń ru sìmẹ́ǹtì sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú eruku.

Ṣèyí bú sẹ́kún. "Àbúrò mi, dákun, dárí jì mí. Lọ́la, mo máa lọ jẹ́wọ́ fún wọn, kí n dá orúkọ rẹ padà."

Ọlámidé nu ojú. "Ẹ máa jẹ́ orúkọ náà lọ, bọ̀dá mi. Kò síbi tí mo tún fẹ́ fi í lọ mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Òtítọ́ tí Ṣèyí sún síwájú wálé lóòótọ́, àmọ́ ayé Ọlámidé ti bàjẹ́ kó tó dé.