Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Jẹun

"Bàbá, ẹ gbé abọ́ yẹn sókè díẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ sọ pé, 'A dúpẹ́ o, Họ́nọ́rébù Bọ́lárìnwá!'"

Mobọ́lájí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa ní Igbein, níbi tí àwọn tí kò nílé máa ń sùn. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fún wọn lóúnjẹ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ummulkulthum, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí gbogbo ayé ń pè ní Ummu, ló ń ya fídíò. Fóònù tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Họ́nọ́rébù tó ń ra ìrẹsì tí wọ́n ń pín ń wá ipò alága ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé bí ìbò bá ti parí, fóònù náà di ti Ummu. Láti ìgbà tó ti ń gbé àwọn fídíò náà sórí ayélujára, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń kan sáárá sí i. Ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Bàbá Ayọ̀dèjì kò rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó máa ń fi ọkọ̀ ńlá kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò kí ìjàǹbá tó ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Ọmọ mi, má bínú," ó ní. "Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Ṣàgámù. Kò mọ̀ pé ibí ni mo ń sùn. Bí àwọn àna rẹ̀ bá rí mi nínú fóònù, ojú wo ni yóò fi máa wò wọ́n? Ebi ń pa mí lóòótọ́, àmọ́ ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Mobọ́lájí gbé abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀. "Ẹni tí kò bá fẹ́ fídíò, kò fẹ́ oúnjẹ nìyẹn. Ẹni tó kàn!"

Ummu dá fídíò náà dúró. Ó rántí gbogbo àwọn tí òun náà ti ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì rántí ẹyọ kan tí òun bi bóyá ó fẹ́.

"Mi ò yà mọ́," ó ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò yà mọ́. Ẹ jẹ́ kí Bàbá jẹun."

Olúwatósìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fà á láṣọ. "Ummu, dákun, rọra. Fóònù ẹ ń lọ o!"

"Kó máa lọ."

Ó fi fóònù náà lé Mobọ́lájí lọ́wọ́, ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e fún Bàbá Ayọ̀dèjì.

Lójú ẹsẹ̀ ni Mobọ́lájí pe Họ́nọ́rébù, ìyẹn sì ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fi kó gbogbo kúlà ìrẹsì tó kù padà sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì lọ. Sìlífátù, ìyá ọlọ́mọ kan tí oúnjẹ kò tíì kàn, gbọ́n ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó sì kọjú sí Ummu.

"O ṣeun o, akọni! Ìwọ máa rí oúnjẹ jẹ tó o bá délé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ta ló sọ fún ẹ pé èmi ò fẹ́ fídíò?"

Ummu kọrí sílé.

Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Alhaja Màríámù, ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Họ́nọ́rébù ti pè é pé òun kò ra aṣọ tó fẹ́ fi ṣe ìpolongo ìbò mọ́.

"Ṣé ìwọ nìkan lo gbọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni? O máa lọ bẹ̀ ẹ́!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ba ọjà yín jẹ́. Bó bá wù yín, ẹ nà mí. Àmọ́ mi ò ní bẹ ẹnì kankan torí pé mo ní kí àgbàlagbà jẹun láìrẹ́rìn-ín."

Inú ń bí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ tó bí. "Ó dáa. Àwọn yòókù ńkọ́? Kí ni wọ́n jẹ lónìí?"

"Wọn ò rí nǹkan jẹ," Ummu jẹ́wọ́.

"Ìbínú kì í ṣe oúnjẹ. Bó o bá lé ẹni tó ń bọ́ èèyàn lọ, ìwọ ni kó o bọ́ wọn. Ẹ̀wà wà nínú àpò. Èmi ò ní bá ẹ ṣà á o."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ummu àti Olúwatósìn gbé ìkòkò ẹ̀wà dé Igbein. Mobọ́lájí ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ó sì ń dúró dè wọ́n.

"Ìkòkò kan ṣoṣo? Kò lè kárí! Ẹgbẹ́ wa ló ni ibí, ẹ gbẹ́rù yín kúrò."

"Ibí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan," Ummu dáhùn. "Àwọn tó ń sùn síbí ló ni ín. Bí wọ́n bá ní kí n lọ, màá lọ." Ó yíjú sí wọn. "Ẹ káàsán o. Mo wá tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín."

Sìlífátù ló kọ́kọ́ dìde, ó na abọ́ rẹ̀. "Bù ú. Àmọ́ má rò pé mo ti dárí jì ẹ́ o."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, Mobọ́lájí gbé fóònù sókè, ó fẹ́ máa yà wọ́n. Ummu fò dìde, ó dúró sáàárín, ó sì na hìjáàbù rẹ̀ bí aṣọ ìkélé.

"Èmi ni kó o yà! Orúkọ mi ni Ummulkulthum. Fi han ẹni tó bá wù ẹ́!"

Olúwatósìn lọ dúró tì í. Sìlífátù náà dìde pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó ń jẹun lọ, ó sì fi ẹ̀yìn dí fóònù náà pa. Mobọ́lájí sọ̀kò ọ̀rọ̀ títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀wà náà kò kárí lóòótọ́. Ummu bẹ àwọn tí kò kàn, ó sì ṣèlérí pé àwọn ni òun yóò kọ́kọ́ bù fún ní Sátidé. Nígbà tí Sátidé dé, Alhaja Màríámù fúnra rẹ̀ ló ru ìrẹsì wá. "Mo ṣì ń bínú o," ó ní, bó ṣe ń wá ibi tí yóò jókòó sí láàárín wọn.

Họ́nọ́rébù kò ra àdìrẹ mọ́, Ummu kò sì rí fóònù gbà. Ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀. Ó ti yé e pé ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹni kò di ẹrú ẹni, àánú tó bá sì ń fi ìtìjú èèyàn polówó ara rẹ̀, òwò lásán ni. Ó sì yé e pẹ̀lú pé ẹni tó bá kọ ohun tí kò dára kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu nìkan kọ̀ ọ́. Kó ṣetán láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tó dára.