Ariwo Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Alábàárìn

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, bàbá kan jáde síwájú ilé rẹ̀ ní Kabala Doki, ó nu eruku ojú gíláàsì píkọ̀ọ̀pù Píjò rẹ̀, ó sì kí ọkọ̀ náà pé ó kú àárọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rí ènìyàn kí nínú ilé, ohun tó bá bá níta ni yóò kí.

Yísà lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ganiat ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Kaduna nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ẹrù àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló sì ń fi píkọ̀ọ̀pù náà gbé. Ganiat ọmọ rẹ̀ wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún. Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà òjò tó kọjá.

Nígbà ayé Ṣẹ̀fíátù, kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dá wakọ̀. Àga iwájú, lápá ọ̀tún, ni tirẹ̀. Á máa kọ wákà jẹ́jẹ́, á sì máa dá sí ìwakọ̀ olówó orí rẹ̀: "Bàbá Ganiat, ẹ rọra. Bàbá Ganiat, kí ló ń dún yẹn?"

Nígbà tó kú, Bàbá tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí àga náà, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní kó gbé òun, ẹ̀yìn ni yóò gùn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àárò ló ń sọ bàbá o.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: hùn-ùn-ùn. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni ohùn náà ń ròkè. Bó bá tẹ bíréèkì, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mọ̀ pé ọkọ̀ ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n apá ibi tí Ṣẹ̀fíátù máa ń jókòó sí ni ohùn náà ti ń wá, inú ọkọ̀ sì ti dákẹ́ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

"Mo ti gbọ́, Ṣẹ̀fí. Mo ti ń rọra."

Láàárọ̀ Sátidé tí à ń wí yìí, Hàwáwù, ọmọ àdúgbò tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, dá a dúró.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ganiat. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé òdìkejì afárá."

"Àpò ìrẹsì ti kún ẹ̀yìn, Hàwá."

"Iwájú ńkọ́?"

Bàbá wo ìborùn náà títí. Ó rọra ká a, ó gbé e lé itan ara rẹ̀. "Ó dáa. Bọ́ sókè."

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Hàwáwù fi dẹ etí sílẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń kùn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi yìí?"

"Ba kome, kò sí nǹkan kan. Mọ́tò ti dàgbà ni."

"Ba kome kẹ̀? Ohùn báyìí kì í ṣe ti àgbà o. Ó ti pẹ́ tó ti ń dún?"

Wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi bọ́ sójú títì, Bàbá tẹ bíréèkì. Irin ha irin, ọkọ̀ fà sọ́tùn-ún, ó kọlu kẹ̀kẹ́ omi náà. Jálá omi fọ́n ká. Ọlọ́run ló yọ olómi náà, ó ti fò sínú gọ́tà.

"Baba, ka kusa kashe ni!" Ó ń pariwo pé bàbá fẹ́ẹ̀ẹ́ pa òun.

"Yi haƙuri, ɗana. Yi haƙuri." Bàbá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù.

Hàwáwù kò jẹ́ kó wa ọkọ̀ náà mọ́. Ó lọ pe Emmanuel mẹkáníìkì wá. Emmanuel fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Táyà ń jó wọlé jáde.

"Bàbá, bíárìn ti jẹ tán. Àwọn irin róbótó tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí geere nìyẹn. Ẹsẹ̀ yìí ì bá yọ lórí afárá." Ó tú táyà, ó fi àwo irin tí páàdì máa ń há mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró hàn án. Ojú àwo náà ti là poro-poro bí ilẹ̀ tí àgbàrá ṣàn kọjá. Páàdì ti tán.

"Fi gíríìsì kún un kí n máa lọ," ni Bàbá wí.

"Gíríìsì kì í wo irin tó ti jẹ."

"Kí wọ́n fá àwo náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti fá a rí, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Tí wọ́n bá tún fá a, ó lè là tó bá gbóná."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kí o ṣe nígbà náà."

Hàwáwù dá sí i. "Rárá o, Bàbá. Tí bíréèkì ọ̀tún bá mú tí ti òsì ò mú dáadáa, ọkọ̀ á gbé yín kúrò lọ́nà. Tọ̀túntòsì la ó ṣe. Ẹ sì ti ń gbọ́ ohùn yìí látọjọ́ yìí, kí ló dé tẹ́ ò sọ fẹ́nì kan?"

Bàbá Ganiat jókòó sórí òkúta, ó di ìborùn náà mú.

"Ta ni n ó sọ ọ́ fún, Hàwá? Ohùn yẹn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Hàwáwù dé ọkàn. Ó jókòó tì í, ó ní, "Bàbá, ká ní Màmá ló jókòó níbẹ̀, ṣé wọ́n á gbà kẹ́ ẹ máa wa ọkọ̀ yìí lọ?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣẹ̀fíátù? Á ti sọ̀ kalẹ̀, á ní òun á fẹsẹ̀ rìn."

Wọ́n ra àwo, páàdì, bíárìn àti rọ́bà tó ń dí gíríìsì mọ́nú, gbogbo rẹ̀ tuntun, fún ẹsẹ̀ méjèèjì, ní ọjà Panteka. Emmanuel fi pẹtiróòlù fọ òróró ara àwo tuntun kúrò kó tó dè é. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíríìsì wọnú bíárìn, ó de nọ́ọ̀tì le, ó sì tún dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, títí táyà fi ń yí geere tí kò sì mì mọ́.

Bàbá nìkan ló wa ọkọ̀ padà sílé. Kò sóhun tó dún. Ó pa rédíò, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan lápá ọ̀tún. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ ọ́n lára pé Ṣẹ̀fíátù ti lọ lóòótọ́. Ó sunkún nínú ọkọ̀ níwájú ilé, kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ó fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà Hàwáwù. Ìborùn náà wà lọ́rùn rẹ̀, àga ọ̀tún sì ṣófo. "Ta ló ń lọ sápá Doka? Ẹ bọ́ síwájú!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ tó ti dàgbà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń kùn kì í wo ara rẹ̀ sàn. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tàbí tí ọkọ̀ ń fà sápá kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lónìí, ẹ má fi gíríìsì tan ara yín jẹ. Ẹ má ra bíárìn àlòkù. Tọ̀túntòsì ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ sì má sáré títí páàdì tuntun yóò fi mọ ojú àwo.

Ẹ̀yin aládùúgbò náà, ẹ bá àgbàlagbà tó ń dá wakọ̀ jókòó. Etí méjì kò tó fún ọkọ̀ tó ti dàgbà.

Bàbá Ganiat ṣì ń wa píkọ̀ọ̀pù náà. Bó bá ti tẹ bíréèkì, á yíjú sí ẹni tó wà lápá ọ̀tún, á bi í pé, "Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá, Bàbá. Kò sóhun tó ń dún."

Á mi orí, á fọwọ́ kan ìborùn náà, á sì máa wakọ̀ rẹ̀ lọ.