Fèrèsé Tí Káfíńtà Kò Dí Tán

Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. Bí káfíńtà ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, láti orí àkàbà, pákó lábẹ́ apá, ìṣó mẹ́ta láàárín ètè. Gíláàsì fèrèsé ló wà láàárín wọn. Obìnrin kan ló dá jókòó sínú yàrá tóóró kan tí wọ́n fi aṣọ nínípọn bo ògiri rẹ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń wo ògiri.

Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, bí a bá rí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀, a kì í bi í léèrè, ìyá rẹ̀ la máa ń lọ pè. Káfíńtà kò mọ ìyá ẹni kankan níbẹ̀. Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó kan gíláàsì: kó, kó.

Obìnrin náà ṣí fèrèsé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

"Ẹ kú ìdájókòó, àǹtí. Ẹ má bínú, ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń sọ̀rọ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi àti àwọn tí mi ò ní rí láéláé."

Ó ṣàlàyé fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹ̀rọ fún àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè: bí a ṣe ń pè é, ohun tó túmọ̀ sí, ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà yóò jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ̀rọ lè gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ariwo títì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, ìyẹn ni ọ̀gá fi ní kí wọ́n dí fèrèsé.

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ wá wà lórí ẹ̀ báyìí?"

"Wíńdò."

"Háà! Ohun tí mo ń ṣe láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Kí ni wọ́n ní ó jẹ́?"

"Àwọn atukọ̀ kan láti apá àríwá ló gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Kò sí gíláàsì nígbà náà, ihò lásán ni. Ní èdè tiwọn, ojú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é."

Káfíńtà wo pákó ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan. Ojú ni wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n fọ́."

Ó dí i o, iṣẹ́ niṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi àyè kan sílẹ̀ láàárín pákó, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ṣe ìlẹ̀kùn sí i, ó fi fóòmù yí i ká. "Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ tì í. Tó bá sú yín, ẹ ṣí i."

Ó máa ń sú u. Àwọn tí ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kò lóǹkà, kò sì ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ ló kù nílé, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ tí ìyàwó tíṣà ti kú, ó ti kan gbogbo fèrèsé pa, ó ní eruku ń wọlé. Á jókòó sí pálọ̀, á máa gbọ́ gbogbo ohùn tí ọmọ rẹ̀ gbà sílẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, á máa wá àṣìṣe níbẹ̀. Ọmọ alára wà ní yàrá kejì, kì í pè é.

Káfíńtà náà kò sàn ju obìnrin yìí lọ. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àwo kan, ṣíbí kan, àti àga mọ́kànlá tó ń dúró de àwọn tó ni wọ́n.

Nítorí náà, lọ́sàn-án gbogbo, káfíńtà á gun àkàbà padà wá: kó, kó. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n bí ojú bá wà nínú ihò yẹn, kò sí àyè fún ẹnu.

"Ẹ fẹ́ rí mi ni àbí ẹ fẹ́ gbọ́ mi? Ẹ mú ọ̀kan."

"Ẹ jẹ́ kí n rí yín. Ohùn yín, gbogbo ayé ló ni ín."

Obìnrin náà gbé ojú sí ihò náà.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, káfíńtà mú àbúrò ìyá rẹ̀ dání, wọ́n lọ bá tíṣà. Tíṣà kò béèrè iṣẹ́, kò béèrè ìdílé. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló gbé lé e lọ́wọ́. "Kà á sókè." Káfíńtà kà á bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí àfọ́kù ìgò.

"Ó tó. Ọmọ mi ni wọ́n ń gbọ́ kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ pè. Ṣé irú ẹnu yìí ni yóò máa gbọ́ títí ayé?"

"Bàbá, ẹ rọra," ni àbúrò ìyá wí. "Ìyàwó la wá fẹ́, a ò wá ṣe ìdánwò."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ kejì, kò sí kó, kó mọ́. Obìnrin náà á ṣí ìlẹ̀kùn kékeré, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò wọlé. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan. Káfíńtà ń fá pákó, kò gbójú sókè.

"Bàbá rẹ ò parọ́. Máa lọ sílé, olóhùn mi."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tíṣà ń wá àṣìṣe kiri bí ìṣe rẹ̀, ó kan ọ̀kan tí àwọn oníwèé atúmọ̀ ti dá padà fún ọmọ rẹ̀ pé kò dára. Wíńdò ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó pé. Ìdákẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e. Àfi kó, kó! Ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé láti pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Tíṣà gbọ́ ìbéèrè káfíńtà, ó gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀, ó sì gbọ́ èsì rẹ̀: "Èmi àti àwọn tí mi ò ní rí láéláé."

Ó wo ìlẹ̀kùn yàrá kejì. Ó tún un gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí," ló wí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Fèrèsé yàrá ọmọ mi, èmi ni mo kàn án pa. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i mọ́."

"Gẹ̀ẹ́sì mi ńkọ́, sà?"

"Èmi ní Gẹ̀ẹ́sì tó tó èèyàn mẹ́wàá. Kí ló ṣe fún wa nínú ilé yẹn? Gbé òòlù rẹ."

Obìnrin náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó gbọ́ tí ìṣó ń ké. Pákó yẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọlé, káfíńtà yọ lórí àkàbà, ìṣó mẹ́ta tó ti dípẹtà láàárín ètè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," lobìnrin náà wí. "Ẹ̀yin àti ta lẹ fẹ́ jọ sọ̀rọ̀?"

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Èmi àti ẹni tí mo fẹ́ máa rí títí ayé mi. Bó bá gbà."

Obìnrin náà jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ní pálọ̀, bàbá rẹ̀ pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà dìde, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, títí dé èjìká.

"Mo gbà," ló wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é.