Rìsíìtì Tí Bàbá Rìhábù Kò Gbà

Ọdún kẹrìnlá rèé tí èmi àti àwọn Bàbá Rìhábù ti jọ ń gbé ilé kan náà ní Dámánhúrù, nílẹ̀ Íjíbítì. Àjà kẹta ni wọ́n wà, èmi wà lókè wọn. Bí Ìyá Rìhábù bá ti ń dín àkàrà láàárọ̀, imú mi ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Rìhábù fi yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ àna rẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ ni.

Nígbà tí òtútù dé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi gbóná nínú balùwẹ̀ wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbéyàwó Rìhábù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ku oṣù méjì. Tọkọtaya bá gba ìsọ̀ Alhaji Mitíwálì lọ, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, láti ra òmíràn. Ó gbé ọ̀kan síwájú wọn.

"Tuntun ni àbí?" Ìyá Rìhábù bi í.

"Háà, ìyá mi! Ọ̀rá ilé iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Bàbá Rìhábù fi fóònù san owó. Ó wá na ọwọ́. "Rìsíìtì ńkọ́?"

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Rìsíìtì kẹ̀? Bí mo bá kọ rìsíìtì, owó orí ìjọba á gun orí iye tí mo pè fún yín. Èwo lẹ fẹ́ nínú ẹ̀dínwó àti bébà?"

Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ Bàbá Rìhábù lójú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà wò ó. Alhaji mú káàdì ìsọ̀ rẹ̀, ó kọ orúkọ ẹ̀rọ náà sẹ́yìn ẹ̀.

"Ẹ gbà. Mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń kírun. Ojú mi yìí ni rìsíìtì yín."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sílé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iná ẹ̀rọ náà tó yẹ kó máa jó bí aró bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Orí máa ń fọ́ Ìyá Rìhábù bó bá ti wẹ̀ tán. Ó rò pé òtútù ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Rìhábù wọ balùwẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí àwọn ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn títí. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́ tí mo fi sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà.

Èmi àti bàbá rẹ̀ la já ilẹ̀kùn. Ọmọ náà nà gbalaja sílẹ̀, omi ń dà lé e lẹ́sẹ̀. Mo pa gáàsì, mo ṣí gbogbo fèrèsé. Bàbá rẹ̀ gbé e jáde, ó ń pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn.

Nílé ìwòsàn, dókítà sọ fún wa pé, "Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára gáàsì tí kò jóná tán ló fà símú. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú lẹ̀ bá gbé wá."

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí Rìhábù tó lajú. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé wọ́n ti jẹun tán?" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Rìhábù tú ẹ̀rọ náà lára ògiri, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàtúnṣe fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọkùnrin tó bá níbẹ̀ ṣí ikùn ẹ̀rọ, ó sì mi orí.

"Wọ́n ti jó irin pọ̀ nínú ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Àlòkù ni, bàbá. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún. Rìsíìtì yín dà?"

Bàbá Rìhábù nawọ́ káàdì sí i.

"Èyí kì í ṣe rìsíìtì. Kò sí ọjọ́, kò sí iye, kò sí nọ́ńbà ẹ̀rọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ ò rà á lọ́wọ́ olè?"

Olè! Bàbá Rìhábù gba ìsọ̀ Alhaji lọ tààrà.

"Èmi kọ́ ni mo tà á fún yín o," Alhaji wí. "Káàdì mi wà lọ́wọ́ gbogbo Dámánhúrù."

"Ṣebí o ní ojú rẹ ni rìsíìtì wa?"

"Ṣé ojú máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Nígbà tó délé, gbogbo wa kóra jọ sórí àtẹ̀gùn, oníkálukú ń gbani nímọ̀ràn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni òfin rìsíìtì mú, kò kan oníṣọ̀ọ́bù kékeré. Ẹlòmíì ní ti owó orí ni rìsíìtì, ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọlọ́jà ni, kí ló kan oníbàárà? Ẹlòmíì tún ní ẹni tó bá ti gbé ọjà kúrò ní ìsọ̀, ó ti parí. Èmi gan-an ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ojú ń tì mí báyìí tí mo bá rántí.

"Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú yín?" Bàbá Rìhábù di orí mú.

"Ìwọ tó já ìyá arúgbó sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Tántà nítorí tíkẹ́ẹ̀tì!" Ìyá Rìhábù wí. "Ìwọ lo wá gba ojú èèyàn ní rìsíìtì!"

Bàbá Rìhábù kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Sàfínásì, ọ̀rẹ́ Rìhábù láti ilé ìwé, gbé gúáfà wá kí i. Ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Bàbá, ó tàn yín ni. Ọlọ́jà kékeré o, ọlọ́jà ńlá o, òfin Íjíbítì ní kó fún oníbàárà ní rìsíìtì, kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ kan lé e. Iye tó bá pè, owó orí gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀. Bí ọjà bá jẹ́ àlòkù, ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín."

"Kí ló dé tí ẹnì kankan nínú wa ò mọ̀?"

"A kì í bèèrè ni, bàbá. Báwo lẹ ṣe san owó náà?"

"Fóònù ni."

"Ẹ gbé e wá."

Ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ó rí i: orúkọ Mitíwálì, ọjọ́ tí wọ́n san án, iye tí wọ́n san. Bàbá Rìhábù kò tilẹ̀ mọ̀ pé fóònù ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Kò tó rìsíìtì, torí kò dárúkọ ọjà tẹ́ ẹ rà," Sàfínásì wí, "àmọ́ Alhaji ò ní lè sọ mọ́ pé òun ò mọ̀ yín rí."

Wọ́n kọ ẹ̀sùn, wọ́n fi ìwé dókítà àti ìwé alátùn-únṣe tì í. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé ìsọ̀, wọ́n bá mẹ́fà irú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ilé, tòun tọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Alhaji dá owó padà fún Bàbá Rìhábù, ẹjọ́ tó kù ṣì wà ní kóòtù. Rìhábù ṣègbéyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ṣì máa ń fọ́ ọ nígbà míì.

Ṣùgbọ́n Ìyá Gírìgísì, opó tó ń gbé àdúgbò kejì, ra irú ẹ̀rọ yìí kan náà lọ́wọ́ Alhaji. Owó lọ́wọ́ ló san. Kò gba bébà kankan, fóònù ò sì bá a jẹ́rìí. Ó ti já tirẹ̀ lára ògiri, ó ń fi kẹ́tù gbé omi kaná wẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tíì padà títí di òní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, bí iná gáàsì yín bá pọ́n dípò aró, tí orí ń fọ́ yín nínú balùwẹ̀, ẹ pa á, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì ra ohunkóhun, ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ìsọ̀, ọjọ́, iye, àti orúkọ ọjà gan-an pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ tó bá ní. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà.

Bó bá bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi bébà ṣe, ẹ má wulẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ na ọwọ́ yín.