Ohun Tí N Kò Kọ Sára Tíkẹ́ẹ̀tì

Ìyá mi fi pín-ìn-nì so tíkẹ́ẹ̀tì kan mọ́ kọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Irú tíkẹ́ẹ̀tì pélébé tí wọ́n máa ń so mọ́ aṣọ oníbàárà ni, ní ilé ìfọṣọ tí ó ti ń bá wọn lọ aṣọ.

"Aago méje àárọ̀, oògùn ibà, hóró méjì," ó ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́. "Tó bá di aago kan ọ̀sán, wàá tún lo méjì. Kọ ọ́ síbẹ̀ kí o tó gbé e mì. Ṣé o gbọ́, Kíákíá?"

"Mo ti gbọ́, mà."

Kíákíá ni wọ́n ń pè mí nílé, nítorí pé n kì í lè dúró de nǹkan. Bí wọ́n bá gbé omi kaná, èmi ni n ó máa ṣí ìdérí wò ní gbogbo ìgbà. Ibà ni wọ́n wá ní kí n dúró dè báyìí.

Lánàá ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò rí ibà tí ẹ̀fọn ń fà níbẹ̀.

"Fáírọ́ọ̀sì ló fa èyí," ó ní. "Oògùn apakòkòrò tí ẹ kó pamọ́ sílé kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ara rẹ̀ ni yóò bá a jà, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Kó máa mu omi dáadáa, kó sinmi, kó lo irú oògùn ibà kan ṣoṣo, hóró méjì lẹ́ẹ̀kan, kó fi wákàtí mẹ́fà sáàárín ìgbà kan àti èkejì. Bó bá ń bì ṣáá, bí mímí bá ń nira fún un, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde níbikíbi, tàbí tí ibà náà ò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má jókòó sílé o."

Ìyá mi ti ilẹ̀kùn, ó lọ síbi iṣẹ́. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi ò lè wá kí mi, kí n má baà kó o ràn án. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn alájọgbé wa lórí àtẹ̀gùn, kò sí èyí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ki orí bọ abẹ́ aṣọ, mo sunkún díẹ̀. Àárò ń sọ mí, n kò ní parọ́.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni ìdánwò ìṣirò. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, tí orí ń fọ́ mi, mo rántí oògùn ẹ̀fọ́rí tí bàbá mi kó sínú dúrọ́ọ̀. Hóró pupa ni, orúkọ mìíràn ló sì wà lára páálí rẹ̀. Mo lo méjì. Ní aago mọ́kànlá, mo tún lo méjì. N kò kọ ọ́. Mo ní ṣebí oògùn ibà ni Màámi ní kí n máa kọ, kì í ṣe ti ẹ̀fọ́rí. Ní aago kan, mo lo hóró funfun méjì, oògùn ibà tí Màámi fún mi, mo sì kọ ọ́ gérégé. Kí Màámi tó dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ti tún lo pupa mẹ́rin sí i. Ó ka tíkẹ́ẹ̀tì, ó yìn mí, ó fún mi ní funfun méjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, n kò tíì de bọ́tìnnì aṣọ ilé ìwé mi tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èébì náà kò dúró.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí mo ti lò. Màámi yọ tíkẹ́ẹ̀tì náà nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Gbogbo ẹ̀ rèé, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ò fo ọ̀kan."

Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì náà. Bí mo bá dákẹ́, Màámi á ṣì máa gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ń run mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

"Kò pé," ni mo wí. "Mo tún lo pupa ti Bàámi. Mẹ́fà... rárá, mẹ́jọ ni."

Nọ́ọ̀sì dìde fùú. "Oògùn kan náà ló wà nínú pupa àti funfun! Páálí wọn ló yàtọ̀. Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ó dára tí o sọ ọ́ báyìí, ọwọ́ wa ṣì lè ká a." Ó sáré lọ pe dókítà.

Wọ́n fa oògùn tó ń pa oró náà sí mi lára títí di ọjọ́ kejì. Ìdánwò kọjá láìsí èmi. Ibà náà sì lọ fúnra rẹ̀ nígbà tó wù ú, kò tiẹ̀ wo ojú ìkánjú mi.

Màámi ò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn ń yí tíkẹ́ẹ̀tì náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?" ó béèrè níkẹyìn.

"Ẹ wà níbi iṣẹ́."

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mi ò kú."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún. Mo ti mọ̀ báyìí pé ibà fáírọ́ọ̀sì ń fẹ́ sùúrù, omi àti ìsinmi, pé a kì í ṣa oògùn lò, àti pé ẹni tó ń tọ́jú wa gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí a bá gbé mì.

Ọjọ́ kejì tí a padà sílé, Màámi ní láti lọ síbi iṣẹ́. Ó kọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tuntun sípò rẹ̀. Ilé tún dákẹ́. Mo mú bíírò, mo kọ: "Aago mẹ́wàá. Omi, ife kan. Mi ò lo oògùn kankan. Àárò yín ń sọ mí."

Màámi kì í wálé ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó wá lọ́jọ́ náà. Ó ka tíkẹ́ẹ̀tì náà lórí ìdúró, ó jókòó ti ẹsẹ̀ mi, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ sábẹ́ tèmi: "Aago kan. Mo ti dé."