Àwo Tamul Dimbeswar

Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Luit lọ sí erékùṣù Majuli ni Dimbeswar ti kọ́kọ́ rí Junmoni. Afẹ́fẹ́ ń gbé etí aṣọ sílíìkì rẹ̀ sókè, ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín. Dimbeswar sún mọ́ ọn, nítorí àròkọ tirẹ̀ ni ọmọge náà ń kà.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" ni ó bi í.

"Ẹni tó kọ nǹkan yìí ni. Ìwé bàbá mi ló tú palẹ̀ báyìí. Ó ní ìdajì tó kẹ́yìn ti kú."

"Ṣé irọ́ ló pa ni?"

"Òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Àwòrán yín wà lórí ẹ̀. Imú yín tóbi ju ti inú àwòrán lọ."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ìtàn tí Dimbeswar fúnra rẹ̀ ń kọ máa ń pa èèyàn lẹ́kún, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹlòmíràn ni gbogbo ìlú Jorhat fi mọ̀ ọ́n. Kò yin ọ̀rẹ́ nítorí ọ̀rẹ́, kò sì bu ọ̀tá nítorí ọ̀tá. Lọ́dọ̀ wa níbí, tó jẹ́ pé kò sí ilé tí kò ní akéwì kan, ìyẹn gba ọkàn akin.

Kinaram, bàbá Junmoni, kò rí i bẹ́ẹ̀. "Tó bá fẹ́ ọmọ mi, kó gbé àwo tamul wá sí ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé, kó kúnlẹ̀, kó sì kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ."

Tamul, èso líle tí à ń jẹ bí obì, àti ewé rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá mú un jẹ ti dárí jini.

"Kí lo máa ṣe?" ni Junmoni bi í, omijé sì ti lé sí i lójú.

"Màá kúnlẹ̀, ìfẹ́ mi. Àmọ́ mi ò lè kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Tí mo bá purọ́ fún bàbá ẹ lónìí, báwo lo ṣe máa gbà mí gbọ́ lọ́la?"

Ó dun Junmoni, síbẹ̀ orí rẹ̀ wú.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Dimbeswar kúnlẹ̀, ó gbé àwo idẹ tí tamul wà nínú rẹ̀ síwájú Kinaram.

"Bàbá, mo bà yín nínú jẹ́, ẹ forí jì mí. Àmọ́ ìdajì tó kẹ́yìn ti kú síbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, níbi tí omíyalé ti gbé abúlé lọ, kò sí alààyè kankan tó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà, ní ìparí àròkọ mi."

Kinaram yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó kọ ọ́?"

"Ó kọ ọ́, Bàbá. Ẹ ti fa ìwé ìròyìn náà ya kí ẹ tó débẹ̀."

Bàbá náà na ọwọ́, ó mú tamul kan, ó sì rọra ń jẹ ẹ́.

"Wá sílé lọ́la," ó ní. "Wá fi ibi tó ti kú gan-an hàn mí."

Junmoni dìde. Ó yọ gamosa jáde nínú àpò rẹ̀, aṣọ funfun elétí pupa tí a fi ń yẹ́ni sí, èyí tí òun fúnra rẹ̀ hun, ó sì fi kọ́ Dimbeswar lọ́rùn lójú gbogbo ayé.

"Ọkọ mi," ó sọ fún un létí, "ká ní o yọ ọ̀rọ̀ kan péré kúrò ni, ilẹ̀ ilé ìdáná ni mi ò bá fi aṣọ yìí nù."