Níbi Kọ́nà Tí Ọkọ̀ Ti Ń Rọra

Orí ìkúnlẹ̀ ni ọkùnrin kan wà nígbà tí obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ láàrin irin méjèèjì, ó na ìdí sókè, ó ń fi téèpù wọn pákó abẹ́ irin bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un.

Ojú irin yẹn ti di ahoro tipẹ́. Koríko ti hù bò ó, ewúrẹ́ ló kù tó ń gba ibẹ̀ kọjá, àti aránṣọ wa yìí tó máa ń gba ibẹ̀ gé ọ̀nà kúrú bó bá ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Ó sì ti gbọ́ pé àwọn kan ń tú irin náà tà.

"Olè!" ló pariwo. "Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lò ń wọ̀n níbẹ̀ yẹn? Ṣé o fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa gba inú àpò ẹ ni?"

Ọkùnrin náà fò dìde, téèpù sì ká padà já lé e lọ́mọ ìka. "Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin, ẹ má pariwo mọ́. Mi ò jí nǹkan kan. Mò ń wọ̀n ọ́n kí n lè ṣe é ní kékeré ni."

"Kí o ṣe kí ni ní kékeré?"

"Rélùweè."

Aránṣọ wò ó látòkè délẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ kó tó mọ̀. Mo ti sọ fún àwọn ọmọbìnrin títí, ẹ̀rín àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló léwu, àmọ́ ta ló ń gbọ́?

Bí wọ́n ṣe ń bára wọn rìn bọ̀, ó gbọ́ pé fáànù ni ọkùnrin náà ń tún ṣe, pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí tirẹ̀. Aránṣọ bá dúró gbọn-in. "Àṣé ìwọ nìyẹn! Ìwọ lo máa ń fi alùpùpù sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láràárọ̀, tí o ń bu eruku lu aṣọ oníbàárà mi!"

"Mo máa ń pẹ́ jí ni," ni ọkùnrin náà wí. "Iṣẹ́ rélùweè kì í jẹ́ kí n tètè sùn."

"Olè irin, olè eruku," ni aránṣọ sọ. Orúkọ náà mọ́ ọn lára láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó fẹsẹ̀ kan yàrá ọkùnrin náà lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òun pè é lólè lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe máa ń sọ.

Pátákó ńlá kan ló gba gbogbo yàrá, ó dúró lórí ẹsẹ̀ bí ibùsùn òmìrán. Abẹ́ rẹ̀ ni onílé ń rá gbà dé orí bẹ́ẹ̀dì. Lórí pátákó náà ni ìlú wọn wà bó ṣe wà látijọ́. Ibùdókọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú páànù rẹ̀ tó ti dípẹtà, táńkì omi wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, agogo wà níbi tó máa ń wà. Ìyẹ̀fun igi tó gbà lọ́wọ́ káfíńtà ló pa láró tó fi ṣe koríko. Ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀, bẹ́ǹṣì kékeré kan wà tí kò gùn tó ìka, pákó kan sì ti yọ lára rẹ̀.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ wo bẹ́ǹṣì náà dáadáa. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni òun àti màmá rẹ̀ máa ń jókòó de ọkọ̀, tí màmá á máa fi ìborùn búlúù rẹ̀ bò ó nítorí òòrùn.

"Ta ló sọ fún ọ pé pákó kan ti yọ lára bẹ́ǹṣì yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó ya ṣòkòtò iléèwé mi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń lọ wo ọkọ̀ níbẹ̀ tí a bá ti jáde."

"Ó ya aṣọ màmá mi náà." Ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ yẹn."

Atúnfáànùṣe nà dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọba ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá tó máa ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì ní kọ́nà? Bàbá ẹ ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, aránṣọ kò da àgékù aṣọ nù mọ́. Ó rán kọ́tìnnì sí fèrèsé ibùdókọ̀. Ó já fóòmù wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ sínú aró, ó di ewé igi. Ọkùnrin náà ń pè é ní Abẹ́rẹ́ Mi, torí pé ẹnu rẹ̀ mú, àti pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, aránṣọ ló ń rán òun pọ̀. Òun náà ń pè é ní Olè Mi. Ẹni tó bá gbọ́ ọ látìta á rò pé ìjà ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé iwájú bàbá aránṣọ, ó fárígá. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tí ìyàwó rẹ̀ sì kú lọ́dún náà gan-an, bàbá kì í sọ̀rọ̀ ojú irin mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí irin, ó ti fi pákó kàn án pa.

"Ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú irin ṣeré?" ni bàbá wí. "Ohun tó ti kú ti kú. Kó lọ wá nǹkan tó wà láàyè ṣe. Mi ò lọ́mọ fún un."

"Bàámi, ẹ ò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀."

"Mo ti rí èyí tó tóbi, kí ni mo fẹ́ fi kékeré ṣe?"

Ọmọ kan ṣoṣo ni aránṣọ jẹ́ fún bàbá rẹ̀, kò sì lè fẹ́ ọkùnrin kankan láìgba àṣẹ rẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún olólùfẹ́ rẹ̀ láìfi bò. "Bí Bàámi ò bá fọwọ́ sí i, kò ṣeé ṣe nìyẹn. Àfi kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Ó sì gbọ́dọ̀ pé pérépéré."

Ibi tí kò tíì pé lórí pátákó ni kọ́nà tó wà lẹ́yìn ilé bàbá aránṣọ. "Gbé òkè síbẹ̀," ni aránṣọ sọ. "Gbogbo ìgbà ni ọkọ̀ máa ń rọra níbẹ̀. Mo bi Bàámi nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ní òkè ló fà á, òkè tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í mọ̀ àmọ́ tí ọkọ̀ mọ̀."

Atúnfáànùṣe họrí. "Kò sí òkè níbẹ̀, Abẹ́rẹ́. Mo yá rọ́bà omi tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú. Ibẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́."

"Ṣé bàbá mi ló wá purọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Bàbá mi wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ láti ìgbà tí o ò tíì lè wọ ṣòkòtò fúnra ẹ! Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò sì wẹ̀yìn.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá, kò sí ẹni tó yọjú sí ẹnì kejì. Aránṣọ ń rán aṣọ, ó ń tú u. Bó bá gbọ́ alùpùpù láàárọ̀, á gbójú sókè, àmọ́ kó tó rí nǹkan kan, eruku nìkan ló kù. Ó dùn ún wọra.

Ọkùnrin náà sì wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ẹni tó wọn bẹ́ǹṣì tí kò gùn tó ìka, ṣé ẹ rò pé ó rọrùn fún un láti gbé òkè síbi tí òkè kò sí? Níkẹyìn ìfẹ́ borí. Ó fi bébà àti símẹ́ńtì funfun mọ òkè kan, ó fi koríko bò ó, ó to irin lé e.

Àmọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kò lè gun ún. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti gbó, á fò bí eku tí ológbò ń lé, tàbí kó kú pátápátá, kò sí àárín. Atúnfáànùṣe bá tú inú rẹ̀ síta. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré inú rẹ́kọ́dà àtijọ́ kan, ó fi rọ́pò rẹ̀. Ó yọ́ òjé sínú ikùn ẹ́ńjìnì kó lè wúwo, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa yọ̀ lórí irin. Ó nu ẹsẹ̀ náà títí ó fi ń dán. Nígbà tó yí iná sí i, ẹ́ńjìnì náà rọra gbéra bí ẹni ń jí lójú oorun, ó gun òkè náà tààrà láìmí.

Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. "Mo ti gbé òkè síbẹ̀."

"Ṣé o ti wá gbà pé ó wà níbẹ̀?"

"Rárá. Mo gbà pé o wà láyé mi ni."

Aránṣọ ju àgékù aṣọ lù ú, ìjà sì parí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti pé, pé òkè ẹ̀yìnkùlé wọn gan-an ti wà níbẹ̀.

"Òkè wo?" ni bàbá béèrè.

"Òkè tó wà ní kọ́nà. Èyí tí ẹ sọ fún mi."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó kàn na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá ọkùnrin náà, bàbá kò jókòó. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wo ibùdókọ̀, ó wo táńkì omi, ó wo agogo. Nígbà tó dé ibi ilé kékeré tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ni atúnfáànùṣe wí, ó sì yí kókó iná, irú èyí tó máa ń wà lára ògiri fún fáànù. Ọkọ̀ gbéra. Ó kúrò ní ibùdókọ̀, ó dé kọ́nà, ó gun òkè, ó sì kọjá lẹ́yìn ilé náà fìrì.

"Kò ṣe bẹ́ẹ̀!" ni bàbá jágbe. "Ó máa ń rọra níbẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ́ńjìnì tàtijọ́ ni òkè ń dá lágara. Mo ti fi agbára kún èyí, ìdí nìyẹn tí kò fi rọra."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ẹ́ńjìnì, wọ́n ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò lágbára tó. Ojú bàbá pọ́n.

"Ta ni òkè ń dá lágara? Ẹ́ńjìnì tèmi? Bí wọ́n bá so gbogbo ìlú yìí mọ́ ọn nídìí, á fà á! Òkè kankan ò dá a lágara rí. Kò sí òkè níbẹ̀!"

Bàbá náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde, ó sì wá ibi jókòó.

"Bàámi," ni aránṣọ pè é jẹ́jẹ́. "Bí kò bá sí òkè níbẹ̀, kí ló wà níbẹ̀?"

"Màmá ẹ ló wà níbẹ̀."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi sórí eékún. "Bí mo bá ti fọn fèrè, á jáde sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìborùn búlúù yẹn. Bí mo bá sáré kọjá, ìborùn nìkan ni mo máa rí. Bí mo bá rọra, mo máa rí ojú ẹ̀. Àwọn ọ̀gá ń bi mí ìdí tí mo fi ń pẹ́ dé, mo ní òkè ni. Ìwọ náà bi mí, mo ní òkè ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé awakọ̀ tó kó èrò sẹ́yìn ń wo ìyàwó ẹ̀? Nígbà tó lọ, mi ò lè máa wo ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́. Mo bá kàn án pa."

Aránṣọ ti kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Atúnfáànùṣe ò mọ ibi tí yóò wò. Ó na ọwọ́ sórí pátákó, ó ṣí irin díẹ̀, ó gbé gbogbo òkè náà kúrò bí ẹni gbé ìdérí ìkòkò.

Bàbá yanu. "O ò lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́, sà. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ọdún tí ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, kò lè rántí mọ́. Nígbà tí wọ́n tún irin tò pẹrẹsẹ, bàbá dìde, ó gba kókó iná lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ó lágbára lóòótọ́. Ṣé ó mọ̀ ọ́n rọra?"

"Ẹ dán an wò, sà. Torí ìyẹn gan-an ni ẹ̀rọ tuntun yìí ṣe dára."

Àwọn ọwọ́ àgbà náà kò gbàgbé. Ọkọ̀ kúrò ní ibùdókọ̀, ó dé kọ́nà, bàbá sì dẹ iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ fi ń wọ́ lọ bí ẹni tí kò fẹ́ lọ rárá. Ó fi ẹnu fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà títí ọkọ̀ fi kọjá tán.

Ó yíjú sí atúnfáànùṣe. "Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mú òòlù wá sílé mi lọ́la. Ilẹ̀kùn kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣí. Lẹ́yìn náà, a lè jọ sọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún náà tó parí, aránṣọ ló sì rán aṣọ tí àwọn méjèèjì wọ̀. Lórí pátákó inú yàrá, obìnrin kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kékeré yẹn báyìí, okùn aṣọ búlúù kan sì wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí wọ́n gé lára ìborùn gidi. Bàbá ló ń wa ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan kókó iná tó bá ti dé kọ́nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ dúró, ó ń wo alùpùpù atúnfáànùṣe bó ṣe ń bọ̀. Bó ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dẹwọ́ eré, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún sáré lọ.

"Ìyàwó," ni oníbọ́tìnnì pè é, "kí ló ń ṣe alùpùpù ọkọ ẹ ná? Lójoojúmọ́ ló ń rọra níbí yìí. Ṣé ó ti ń bàjẹ́ ni?"

Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Títì náà tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Òkè ni," ló fèsì, kò tilẹ̀ gbójú kúrò níbi tí ọkọ rẹ̀ gbà lọ.